Àwòrán Ìyá Àgbà Tí Ó Sọnù Lọ́wọ́ Mi

Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí lórí iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun, èyíinì ni iṣẹ́ fọ́tò yíyà. Ẹ má ṣe sọ pé, "Èmi kì í ṣe onífọ́tò, kí ni ó kàn mí níbẹ̀?" Ní ayé tí a wà yìí, ilé tí kò ní kámẹ́rà kò pọ̀ mọ́, nítorí inú fóònù ni kámẹ́rà ń gbé. Ìyá ń ya ọmọ, ọmọ ń ya ìyá, àbúrò ìyàwó ń ya gbogbo ará ilé. Nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn yín, ó sì kàn mí.

Ohun tí ó fà á tí mo fi ń kọ ìwé yìí ni pé ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Baálẹ̀, ní Òṣogbo níhìn-ín. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí ó wà ní àdúgbò wa. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Àǹtí, mo ti tọ́jú owó díẹ̀, mo sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fọ́tò. Ẹ jọ̀wọ́, kámẹ́rà wo ni kí n rà tí fọ́tò mi yóò fi dára?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kí ó jókòó. Mo bi í pé, "Bí o bá fẹ́ kí ọbẹ̀ rẹ dùn, ìkòkò wo ni ìwọ yóò rà?" Òun náà bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kí ó padà wá ní ọjọ́ Sátidé kí n lè sọ ìtàn kan fún un. Ìtàn náà ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtìjú ni ó jẹ́ fún mi.

BÍ MO ṢE BẸ̀RẸ̀

Ọ̀dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan ni mo ti kọ́ṣẹ́, láyé ìgbà tí a ṣì ń lo fíìmù. Fíìmù kékeré kan kì í sábà gba ju àwòrán 36 lọ, èyí tí ó fẹ̀ tí ọ̀gá mi fi ń ya àwọn àgbàlagbà kò sì ju 12 lọ. Bí a bá ti yà á tán, a ó wọ yàrá òkùnkùn, a ó fi oògùn fọ̀ ọ́, a ó sá a bí ẹni sá aṣọ. Ohun tí ọ̀gá mi máa ń wí ni pé, "Ìwọ ọmọ yìí, gbogbo ìgbà tí o bá tẹ nǹkan yìí, owó mi ni o ń tẹ̀." Nítorí náà, kí ó tó tẹ kámẹ́rà, yóò wo oníbàárà láti orí dé ẹsẹ̀. Yóò tún gèlè ṣe, yóò gbé àgbọ̀n ọmọdé sókè díẹ̀, yóò yí àga padà sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Nígbà náà ni yóò tó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì péré.

Nígbà tí ọwọ́ bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Èmi ra kámẹ́rà ìgbàlódé tí kì í lo fíìmù ní 2008. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà bí ẹni tí ó jẹ tẹ́tẹ́. Mo ní, "Fíìmù ti kú, owó fíìmù náà ti kú." Ní ìsọmọlórúkọ kìíní tí mo gbé e lọ, àwòrán tí mo yà lé ní 900. Mo ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń gún iyán. Nígbà tí mo délé tí mo wò wọ́n, èyí tí ó ṣeé fún ènìyàn kò tó mẹ́wàá. Ọmọ tuntun dijú nínú òmíràn, ìyá ọmọ ń jẹun nínú òmíràn, orí Àlàájì kan sì bo ojú Àlùfáà tí ó ń ṣe àdúà. Mo gbàgbé pé kámẹ́rà ni mo pààrọ̀, èmi kò pààrọ̀ ojú.

Ṣùgbọ́n èyí kọ́ ni ìtìjú tí mo wí.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀

Ní 2011, wọ́n pè mí sí wólímọ̀ àwọn ọmọ kan ní ilé kan tí kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ìyá àgbà kan wà nínú ilé náà, ìyá bàbá àwọn ọmọ. Gbogbo ará àdúgbò mọ̀ pé ìyá yìí kò fẹ́ràn fọ́tò. Bí ó bá ti rí kámẹ́rà, yóò fi ìborùn bo ẹnu, yóò ní, "Ẹ ya àwọn ọmọdé, ẹ fi èmi sílẹ̀." Lọ́jọ́ wólímọ̀ náà, ó jókòó sí ẹnu ilẹ̀kùn nínú aṣọ funfun. Èyí tí ó kéré jù nínú àwọn ọmọ náà ń ka tirẹ̀ lọ́wọ́, ó wá kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan. Ó dúró, ó wo ìyá àgbà lójú. Ìyá àgbà ka ọ̀rọ̀ náà fún un láti ibi tí ó jókòó, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Mo tẹ kámẹ́rà. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo rí i pé ó dára. Mo ti ń ya fọ́tò fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ọjọ́ náà tó dé, ṣùgbọ́n mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé èyí ni ó dára jù nínú gbogbo wọn.

Ó yẹ kí n kó àwọn àwòrán náà sínú kọ̀ǹpútà lálẹ́ ọjọ́ náà. Iná kò sí, ó sì rẹ̀ mí. Mo ní ó di ọ̀la. Nígbà tí ọ̀la dé, mo kó díẹ̀ nínú wọn, àwọn tí wọ́n ń sọ pé kí n tètè mú wá, èyíinì ni ti àwọn ọmọ àti ti àwọn àlejò. Mo fi ìyókù sílẹ̀ nínú káàdì. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ó tẹ̀ lé e, mo ní iṣẹ́ níkàá, mo ń kánjú, mo wo káàdì náà, ó kún. Mo sọ lọ́kàn mi pé mo ti kó gbogbo rẹ̀. Mo pa á rẹ́. Mo sì ya níkàá lé e lórí, àwòrán tí ó lé ní 600.

Kò ju oṣù méjì lọ lẹ́yìn èyí tí ìyá àgbà fi kú. Kí ó tó di fìdáù ọjọ́ kẹjọ, ọmọ rẹ̀ obìnrin wá bá mi. Ó ní, "Àǹtí onífọ́tò, ẹ jọ̀wọ́, èyí tí Màmá ti ń rẹ́rìn-ín ni a fẹ́. Ẹ fi hàn mí lẹ́yìn kámẹ́rà yín lọ́jọ́ náà. A fẹ́ kí ẹ fọ̀ ọ́ ní ńlá kí a lè gbé e kọ́ sí pálọ̀. A kò ní òmíràn."

Mo wá a nínú kọ̀ǹpútà, n kò rí i. Mo wá a nínú gbogbo káàdì tí mo ní, n kò rí i. Mo gbé káàdì náà lọ bá ẹni tí ó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó bi mí pé, "Ǹjẹ́ ẹ ti ya nǹkan mìíràn lé e lórí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mi orí.

Nígbà tí mo padà lọ sọ fún ọmọ ìyá náà, kò bú mi. Ó kàn ní, "Ó dára, Àǹtí, ẹ ṣeun." Ó wọlé lọ. Ìbá sàn kí ó bú mi. Mo dá owó wólímọ̀ náà padà, wọ́n gbà á nítorí pé mo kò jẹ́ kí wọ́n kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n owó kò rẹ́rìn-ín bí ìyá.

ÌWÀ KÌÍNÍ: ÌTỌ́JÚ

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ fọ́tò kì í parí nígbà tí a bá tẹ kámẹ́rà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú káàdì mi, kí ó má bàa ṣẹlẹ̀ sí yín. Bí a bá pa àwòrán rẹ́ nínú káàdì, kì í sábà kúrò níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni a pa rẹ́ nínú ìwé àkọsílẹ̀, bí ìgbà tí onílé bá pa orúkọ ayálégbé rẹ́ nínú ìwé rẹ̀. Ẹrù ayálégbé náà ṣì wà nínú yàrá títí ayálégbé tuntun yóò fi kó wọlé. Nítorí náà, bí ẹ bá ṣèèṣì pa àwòrán rẹ́, ẹ má ṣe ya ẹyọ kan mọ́ sórí káàdì náà. Ẹ yọ ọ́, ẹ gbé e lọ bá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ó ṣeé ṣe kí ó rí i gbà padà. Èmi ti kó ayálégbé 600 wọlé, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe fún mi mọ́.

Àṣà mi nísinsìnyí ni èyí. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo bá yà á, bí ó ti wù kí ó rẹ̀ mí tó, n kò ní sùn láìjẹ́ pé mo kó gbogbo rẹ̀ sí ibi mẹ́ta. Ọ̀kan wà nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan wà nínú háàdì díìsìkì tí mo ń tì mọ́ inú àpótí, ìkẹta sì wà níta ilé mi, ní ilé àbúrò mi tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìdí tí ìkẹta fi gbọ́dọ̀ wà níta ni pé olè tí ó bá gbé kọ̀ǹpútà kò ní gbàgbé àpótí, iná tí ó bá sì jó yàrá kò ní yan ohun tí yóò jó. Bí iná bá lọ, mo ní bátìrì tí mo ń fi pamọ́ fún iṣẹ́ yìí nìkan. Mo máa ń kọ orúkọ ilé, ọjọ́ àti ọdún sí orí àkójọ kọ̀ọ̀kan. N kì í sì í pa káàdì rẹ́ títí oníṣẹ́ yóò fi gba fọ́tò rẹ̀ sọ́wọ́.

Kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ń fẹ́ ìtọ́jú. Nígbà ọyẹ́, eruku tíntìntín ń wọ inú rẹ̀ bí a bá ń pààrọ̀ lẹ́ǹsì lójú afẹ́fẹ́. Nígbà òjò, ọ̀rinrin ń mú kí olú hù sí ojú lẹ́ǹsì bí ó ti ń hù sí ara bàtà tí a gbé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àpò oògùn kékeré tí ń fa omi, irú èyí tí a ń bá nínú páálí bàtà tuntun, ẹ má ṣe dà wọ́n nù. Ẹ kó wọn sínú àpótí kámẹ́rà yín, kí ẹ sì máa pààrọ̀ wọn lóòrèkóòrè.

ÌWÀ KEJÌ: MÍMỌ ÌMỌ́LẸ̀

Ọmọbìnrin náà padà wá ní Sátidé, ó gbọ́ ìtàn yìí, ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Àǹtí, báwo ni mo ṣe máa mọ ìmọ́lẹ̀ tí ó dára?" Mo dá a lóhùn pé ó ti mọ̀ ọ́n láti kékeré.

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Àkókò ìrun wa, oòrùn ni a fi ń wò ó. Lọ́sàn-án gangan nígbà tí ìrun Àílà ń súnmọ́, oòrùn wà ní àárín orí ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, pàápàá nínú oṣù Kẹrin. Ẹni tí a bá yà nígbà náà, ihò dúdú ni ojú rẹ̀ yóò dà, òjìji imú yóò sì bo ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjìji ènìyàn bá gùn tó ènìyàn fúnra rẹ̀, láìka òjìji ọ̀sán mọ́ ọn, Alásárì ti wọlé nìyẹn. Oòrùn ti rọ̀, ó ti ń wo ènìyàn lójú. Láti ìgbà náà títí di Màgàríbì, àti ní òwúrọ̀ nígbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lẹ́yìn ìrun Àsùbá, ìmọ́lẹ̀ rọ̀ bí òrí. Ẹni tí ó ń kírun lákòókò ti ní aago onífọ́tò lọ́wọ́.

Ẹ má ṣe rò pé ìmọ̀ ìmọ́lẹ̀ jẹ́ ti òyìnbó nìkan. Ibn al-Haytham, ọ̀mọ̀wé tí a bí ní ìlú Básírà ní nǹkan bí ọdún 965, kọ ìwé ńlá kan lórí ìmọ́lẹ̀ àti ojú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkànlá. Ó ṣàlàyé pé ìmọ́lẹ̀ ni ó ń ti ara ohun tí a ń wò wọ inú ojú wa, kì í ṣe pé ojú ń rán nǹkan jáde. Ó fi yàrá òkùnkùn tí ó ní ihò kékeré lára dán bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rìn wò. Yàrá olóhò kan yìí ni kámẹ́rà títí di òní.

Ohun mẹ́ta péré ni ó wà nínú yàrá náà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀. Èkíní ni bí ilẹ̀kùn ṣe fẹ̀ tó, èkejì ni bí ó ṣe pẹ́ ní ṣíṣí tó, ẹ̀kẹta ni bí ojú ẹni tí ó wà nínú yàrá ṣe ń tètè rí ìmọ́lẹ̀ tó, èyí tí wọ́n ń kọ ISO sí lára kámẹ́rà. Bí ọmọdé bá ń sáré, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí fún ìdá 500 ìṣẹ́jú àáyá, kí ó má bàa di kùrukùru. Bí àgbàlagbà bá jókòó jẹ́ẹ́, ìdá 125 tó. Bí ẹ bá gbé ISO sókè jù nínú òkùnkùn, àwòrán yóò hu ẹ̀ẹ́lá bí ara ọmọ tí ooru mú.

Ohun mìíràn tún wà tí ó kan àwa aláwọ̀ dúdú tí a fẹ́ràn aṣọ funfun. Kámẹ́rà kò mọ ènìyàn, kò mọ aṣọ. Ohun gbogbo tí ó bá rí, ó rò pé ó yẹ kí ó rí bí eérú, kí ó má funfun jù, kí ó má dúdú jù. Bí a bá gbé e dojú kọ àwọn ìyá tí wọ́n wọ funfun lọ́jọ́ Iléyá, yóò ní ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jù, yóò dín in kù, ojú àwọn ìyá yóò sì dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ráhùn pé, "Èmi kò dúdú báyìí!" Wọn kò purọ́. Láyé fíìmù pàápàá, àwòrán tí ilé iṣẹ́ Kodak ń pín fún àwọn tí ń fọ fọ́tò láti fi yẹ àwọ̀ wò, obìnrin aláwọ̀ funfun ni ó wà nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò sí ẹni tí ó rántí wa. Ohun tí a ó ṣe ni pé kí a gbé wọn sábẹ́ ìbòòji, ní ẹnu ilẹ̀kùn tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí wọ́n kọjú sí ìta. Kí a ní kí kámẹ́rà wo ojú wọn, kì í ṣe aṣọ wọn, kí a sì fi ìmọ́lẹ̀ kún un díẹ̀díẹ̀ títí àwọ̀ ara yóò fi rí bí ó ti rí lójú wa, tí iṣẹ́ ọnà ara aṣọ náà kò sì parẹ́.

ÌWÀ KẸTA: SÙÚRÙ

Ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe kámẹ́rà tí kò lo fíìmù, Steven Sasson ní Amẹ́ríkà, ṣe é ní 1975 ní ilé iṣẹ́ Kodak. Ó wúwo ju kílógíráàmù 3 lọ, ìṣẹ́jú àáyá 23 ni ó sì fi ń kọ àwòrán kan sórí kásẹ́ẹ̀tì. Ẹ fojú inú wò ó bí a bá ní láti dúró tó bẹ́ẹ̀ lónìí! Ṣùgbọ́n mo máa ń rò ó pé ìdúró náà ì bá ṣe wá láǹfààní. Ní ìlú Bàmákò ní ilẹ̀ Málì, Seydou Keïta ṣí ilé fọ́tò rẹ̀ ní 1948. Nítorí pé fíìmù wọ́n, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń ya oníbàárà. Lónìí, àwọn àwòrán náà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé káàkiri àgbáyé. Ọ̀nà kan náà ni ọ̀gá mi ń tọ̀ ní Òkè-Baálẹ̀, tí èmi fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí mo ra kámẹ́rà tuntun.

Lẹ́yìn tí mo ti dójú ti ara mi, mo fi òfin kan lé ara mi lọ́wọ́. Mo ní, fún ọdún kan, lójoojúmọ́, èmi yóò ya àwòrán kan ṣoṣo láti iwájú ṣọ́ọ̀bù mi, n kò ní yà méjì. Ìyá alákàrà kan ń dín àkàrà ní òdìkejì títì. Mo tọrọ ààyè lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Bí o bá ti ń ra àkàrà, máa yà á." Ní oṣù kìíní, gbogbo àwòrán náà jọra, ó sì sú mi. Ní oṣù kejì ni mo ṣàkíyèsí pé nígbà tí oòrùn bá yọ lẹ́yìn rẹ̀, èéfín àkàrà máa ń tàn bí aṣọ léèsì. Ní oṣù kẹrin mo mọ ìgbà tí yóò gbé síbí sókè kí ó tó gbé e. Mo ti ń ra àkàrà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, n kò rí èéfín yẹn rí. Ohun tí a ń pè ní ọgbọ́n àtinúdá nìyẹn. Ó máa ń wá bá ẹni tí ó bá dúró síbì kan pẹ́.

Ẹ rántí J. D. 'Okhai Ojeikere, ọmọ Nàìjíríà tí a bí ní 1930 tí ó sì kú ní 2014. Láti 1968 ni ó ti ń ya irun dídì àwọn obìnrin ilẹ̀ wa, ọdún dé, ọdún lọ, títí wọ́n fi di ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún. Ohun tí àwa ń jókòó sí ìdí onídìrí fún lójoojúmọ́ ni ó fi di ẹni tí ayé mọ̀. Ní Òṣogbo wa níhìn-ín, oníṣẹ́ iná ni Jimoh Buraimoh nínú ẹgbẹ́ eré Dúró Ládiípọ̀ kí ó tó dara pọ̀ mọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà tí Georgina Beier ṣe ní 1964. Ìlẹ̀kẹ̀, ohun tí gbogbo wa mọ̀, ni ó mú tí ó ń tò sórí pákó títí orúkọ rẹ̀ fi kàn dé òkèèrè. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n fi ṣe é. Ẹni tí ó ní fóònù ti ní ohun tí yóò fi bẹ̀rẹ̀.

ÌWÀ KẸRIN: ÀMÁÁNÀ

Ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin arábìnrin, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fetí sí èyí. Àwòrán ènìyàn jẹ́ ohun tí a fi sí wa níkàáwọ́. Níbi ìnáwó obìnrin, nínú yàrá tí kò sí ọkùnrin, ọ̀pọ̀ ń ṣí ìborí wọn sílẹ̀, wọ́n ń jó, wọ́n ń yọ̀. Ẹnìkan á yọ fóònù, kí ilẹ̀ tó mọ́, àwòrán náà ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò yẹ kí ó rí i. Mo ti rí ilé tí èyí dá ìjà sílẹ̀. Èmi kì í gbé kámẹ́rà wọ irú yàrá bẹ́ẹ̀ láìbéèrè, n kì í sì í gbé àwòrán ẹnikẹ́ni sórí Facebook tàbí WhatsApp láti fi polówó ara mi àfi bí ó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gbà. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé, mo ń bi òbí rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ pàápàá ṣe òfin kan ní 2023 láti dáàbò bo ìsọfúnni nípa ènìyàn, ṣùgbọ́n ìtìjú yẹ kí ó ti kọ́ wa kí òfin tó dé. Oníbàárà mìíràn kò wá sọ́dọ̀ mi nítorí fọ́tò mi, ó wá nítorí pé ó mọ̀ pé àwòrán rẹ̀ kò ní rìn.

Iṣẹ́ yìí sì lè ṣe ohun ńlá fún ìdílé. Ní 1975, Stephen Sprague, onífọ́tò ará Amẹ́ríkà, wá sí Ìlá-Ọ̀ràngún, tí ó wà nínú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí, láti wo iṣẹ́ àwọn onífọ́tò ibẹ̀. Ó rí i pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, onífọ́tò á ya èyí tí ó kù, á sì tẹ àwòrán náà lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan, kí àwọn méjèèjì lè jókòó pọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, wọn á wọ aṣọ méjèèjì fún ẹyọ ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí kọ̀ǹpútà nígbà náà. Ìyá tí ó sunkún ni wọ́n rò, wọ́n sì wá ọgbọ́n fún un.

Èmi kò rí ọgbọ́n kankan wá fún ọmọ ìyá àgbà tí mo sọ ìtàn rẹ̀. Nígbà tí òun náà bímọ ní 2013, ó ránṣẹ́ pè mí, ó ní kí n wá ya ìsọmọlórúkọ. Ẹnu yà mí. Mo bi í pé kí ló dé tí kò pe ẹlòmíràn. Ó ní, "Àǹtí, mo mọ̀ pé èyí kò ní sọnù." Kò sọnù. Ó wà ní ibi mẹ́ta títí di òní.

Ohun tí mo sọ fún ọmọbìnrin náà ni mo sọ fún ẹ̀yin náà. Mo ní kí ó má ì tíì ra kámẹ́rà, kí ó fi fóònù rẹ̀ ya àwòrán kan lójúmọ́ fún oṣù mẹ́ta, kí ó máa tọ́jú wọn sí ibi mẹ́ta, kí ó máa tọrọ ààyè, kí ó wá padà wá. Ó ti ń ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ kò fẹ́ ṣe onífọ́tò, iṣẹ́ kékeré kan ni mo bẹ̀ yín. Lónìí, lẹ́yìn ìrun Alásárì, ẹ gbé àga sí ẹnu ilẹ̀kùn, ẹ bẹ àgbà tí ó dàgbà jù nínú ilé pé kí ó jókòó. Bí ó bá ní òun kò fẹ́, ẹ má ṣe fipá mú un, ẹ jókòó tì í, ẹ bá a tàkúrọ̀sọ títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Bí ó bá gbà, ẹ yà á, ẹ gbé e lọ fọ̀ ní pépà, kí ẹ sì fi bírò kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ náà sí ẹ̀yìn rẹ̀. Fóònù ń bàjẹ́, fóònù ń sọnù, pépà tí ó wà nínú Bíńtà ìyá àgbà ṣì ń bẹ níbẹ̀.

Kí Ọlọ́run dá àwọn àgbà wa sí fún wa. Ẹ kí gbogbo ará ilé fún mi. Ó di ìgbà kan ná.